Paul Gerhardt, Akọrin Ẹ̀bá Ibùjẹ Ẹran

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé bí a ti ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni a máa ń ríran. Ìtumọ̀ òwe náà ni pé ìbànújẹ́ kì í fọ́ ojú ẹni pátápátá: ẹni tí omijé kún ojú rẹ̀ ṣì lè mọ ọ̀nà ilé, ó sì lè dá ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọdún Kérésìmesì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Nígbà tí agogo bá ń dún, tí a ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ilé ìsìn lọ́ṣọ̀ọ́, tí àwọn akọrin sì ń múra orin sílẹ̀, a kò lè ṣàì rí ẹnìkan láàrin wa tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ọdún náà, tàbí tí ìyá rẹ̀ wà lórí àkéte àìsàn, tàbí tí kò mọ ibi tí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ti wá bí a bá wọlé padà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa rò ó lọ́kàn bóyá kí òun kàn máa ya ẹnu lásán pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òun, tàbí kí òun kúkú jókòó sínú yàrá títí ọdún yóò fi kọjá.

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ ọ̀nà kẹta. Orúkọ rẹ̀ ni Paul Gerhardt. Lẹ́yìn Martin Luther, kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ tún lókìkí tó tirẹ̀ láàrin àwọn tí ó kọ orin ìsìn ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn orin Kérésìmesì rẹ̀ kún fún ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ fi lè rò pé ọmọ ọlọ́rọ̀ ni, tí ìyà kò jẹ rí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a gbé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

A bí Paul Gerhardt ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1607, ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Gräfenhainichen, ní ilẹ̀ Saxony. Ìlú náà kò jìnnà sí Wittenberg, níbi tí Luther ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe Ìjọ ní 1517. Nínú ẹ̀kọ́ Luther ni a sì ti tọ́ ọmọ náà dàgbà. Christian ni orúkọ baba rẹ̀. Ó ní oko, ó ní ilé èrò, ó sì wà lára àwọn olórí ìlú. Dorothea, ìyá rẹ̀, wá láti inú ìdílé àwọn àlùfáà.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Paul nígbà tí ogun tí a mọ̀ sí Ogun Ọgbọ̀n Ọdún bẹ́ sílẹ̀ ní 1618. Ìjà láàrin àwọn ọmọ Ìjọ Páàdì àti àwọn tí ó tẹ̀lé àtúnṣe ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọba ilẹ̀ òkèèrè fi dá sí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìgbà tí yóò parí mọ́. Àwọn ọmọ ogun kò rí owó gbà bí ó ti yẹ. Oko àti àká àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ń bọ́ ara wọn. Ibi tí ogun bá kọjá, ìyàn a tẹ̀lé e. Ibi tí ìyàn bá dé, àjàkálẹ̀ àrùn a tẹ̀lé e.

Ogun kò tíì dé ilé Gerhardt tí ikú fi ṣáájú rẹ̀ wọlé. Baba rẹ̀ kú ní 1619. Ní 1621 ìyá rẹ̀ náà sì tẹ̀lé e. Bí Kérésìmesì ọdún náà ti dé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí kò ní baba, tí kò ní ìyá, ni Paul Gerhardt.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Grimma, níbi tí àwọn ọmọ ń gbé tí wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di àlùfáà àti òṣìṣẹ́ ìlú. Òfin ibẹ̀ le. Àdúrà a máa bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, àdúrà a sì máa parí rẹ̀; èdè Látìn ni wọ́n sì ń kọ́ ju ohun gbogbo lọ. Ọdún márùn-ún ni ó lò níbẹ̀. A kò gbọ́ pé ó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ó kọ́ sùúrù, ó sì kọ́ bí a ti ń to ọ̀rọ̀ kí ó lè dùn létí. Ohun méjèèjì yìí ni yóò wúlò fún un títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀.

Olùkọ́ tí Kò Tètè Rí Ipò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1628 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Wittenberg láti kọ́ nípa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ August Buchner, tí ó ń kọ́ni ní ọ̀nà tí a fi ń kọ ewì. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì gbà pé Látìn nìkan ni ó yẹ fún ewì gidi, wọ́n sì ka èdè abínibí wọn sí èdè ọjà àti èdè oko. Buchner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gerhardt gba ẹ̀kọ́ yìí, ó sì jẹ́ pé èdè tí ìyá arúgbó ń sọ nínú ilé ìdáná ni ó fi kọ àwọn orin rẹ̀ tí ó lókìkí. Ẹ̀yin tí ẹ ó máa kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè wa, ẹ má ṣe gbàgbé èyí.

Nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá ni ó gbé ní Wittenberg. Kò sí ìjọ tí ó pè é. Iṣẹ́ olùkọ́ nínú ilé onílé ni ó ń ṣe láti fi jẹun. Ní àárín ọdún wọ̀nyí ni ogun dé ìlú tí a bí i sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1637, àwọn ọmọ ogun Sweden ti iná bọ Gräfenhainichen. Ilé ìsìn tí a ti ṣe ìrìbọmi fún un jóná; ilé baba rẹ̀ náà sì jóná. Nínú ọdún kan náà ni àjàkálẹ̀ àrùn pa Christian, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ lọ ilé ṣe ọdún, kò sí ilé tí yóò lọ mọ́.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1643, ó kó lọ sí Berlin. Ogun ti sọ ìlú náà di ahoro tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí ìdajì àwọn ará ibẹ̀ fi tán. Níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ nínú ilé amòfin kan tí ń jẹ́ Andreas Berthold. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlógójì, kò ní ipò, kò ní aya, kò ní ilé. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé ti di àlùfáà àgbà, wọ́n ti ní ọmọ. Ẹni tí a bá ti rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìletò kan rí, tí ó dàbí ẹni pé a gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, yóò mọ bí ọkàn Gerhardt ti rí. Síbẹ̀ kò fi ìdúró náà ṣòfò. Nínú yàrá olùkọ́ yìí ni ó ti ń kọ orin.

Àwọn Orin Kérésìmesì Rẹ̀

Ní Berlin ni ó ti pàdé Johann Crüger, olórí akọrin ní ilé ìsìn ti Nikolai Mímọ́, tí ó tún jẹ́ olùkọ́. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ tò pàdé ẹni tí ó mọ ohùn orin. Bí ẹni pé ìlù pàdé onílù ni. Nígbà tí Crüger tẹ ìwé orin rẹ̀ jáde ní 1647, orin Gerhardt 18 ni ó fi sínú rẹ̀. Ogun parí ní 1648. Ní 1651, nígbà tí Gerhardt jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, a fi í jẹ àlùfáà níkẹyìn, a sì rán an lọ ṣe olórí ìjọ ní Mittenwalde, ìlú kékeré kan ní gúúsù Berlin tí ogun ti bàjẹ́ púpọ̀. Nínú ìwé orin Crüger ti ọdún 1653, iye orin Gerhardt ti di 82.

Nínú ọdún 1653 yìí ni mẹ́ta jáde tí a gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀kan jẹ́ orin ìgbà Dídé Olúwa, tí ó ń béèrè bí ó ti yẹ kí ọkàn ènìyàn gba Ọba tí ń bọ̀. Èkejì jẹ́ orin ayọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, tí ó ń ké sí gbogbo ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, tálákà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi, pé kí wọ́n sá wá. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ibùjẹ ẹran. Ẹsẹ 15 ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí ó kọ ọ́.

Luther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kọrin bí ìjọ: àwa ni wọ́n sábà máa ń wí. Gerhardt kò kọ̀ ọ́ láti wí pé àwa, ṣùgbọ́n nínú orin ibùjẹ ẹran yìí, èmi ni ó ń wí. Kò dúró láàrin èrò. Òun nìkan ni ó wọ ilé ẹran lọ, ó sì dúró ti Ọmọ náà. Bí ó ti fẹ́ mú ẹ̀bùn wá, ó rí i pé kò sí ohun tí òun ní tí kì í ṣe láti ọwọ́ Ọmọ náà ni ó ti rí i gbà: ẹ̀mí rẹ̀, èrò rẹ̀, ọkàn rẹ̀. Ó dá a padà fún Ẹni tí ó ni ín. Kò fi òkùnkùn tí ó ti kọjá nínú rẹ̀ pamọ́. Ó dárúkọ òru ikú, ó sì fi Ọmọ náà wé oòrùn tí ó là sí i. Lẹ́yìn èyí, ó kàn ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ọmọ náà, bí ìyá tí ó kọ́ bímọ ti ń wo ọmọ tuntun tí kò sì lè sùn. Nígbà tí orin náà yóò fi parí, kò béèrè owó, kò béèrè ẹ̀mí gígùn. Ohun tí ó ń tọrọ ni pé kí òun alára di ibùjẹ ẹran tí Ọmọ náà lè sùn sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣe. Kò sọ fún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ pé kí ó nu ojú rẹ̀ kí ó tó wọlé. Kò sì sọ pé kí ó jókòó síta títí ọ̀fọ̀ yóò fi tán. Ohun tí ó fi hàn wá ni pé kí a gbé ọkàn wa wá bí ó ti rí, pẹ̀lú òru tí ó wà nínú rẹ̀, kí a sì yí ojú kúrò lára ara wa sí ara Ẹni tí ó wà nínú koríko. Ọ̀nà kẹta náà nìyẹn. Ìjọsìn kò dúró de ìgbà tí inú bá dùn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀rín àfẹ̀hónúṣe.

Ìdánwò Orin Náà

Orin rọrùn láti kọ sí ìwé. A tẹ orin wọ̀nyí jáde, àwọn ènìyàn ń kọ wọ́n, ìyìn wọn sì ń kàn. Lẹ́yìn náà ni ayé wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ wọ́n bóyá òótọ́ ni ó sọ.

Ní oṣù kejì ọdún 1655, ó gbé Anna Maria, ọmọbìnrin amòfin Berthold, ní ìyàwó. Ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ní 1656 wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Maria Elisabeth. Ẹ rò ó wò, bí Kérésìmesì ọdún 1656 yóò ti rí nínú ilé àlùfáà Mittenwalde: ọkùnrin tí kò ní ilé láti ìgbà èwe, tí ó ti kọrin nípa Ọmọ inú ibùjẹ ẹran láìní ọmọ tirẹ̀, wá gbé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ ọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 1657, ọmọ náà kú. Kò pé ọmọ ọdún kan. Àwọn òbí rẹ̀ fi ohun ìrántí sí inú ilé ìsìn náà fún un, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i láti inú ohun tí Jákọ́bù sọ níwájú Fáráò, nípa ọjọ́ ayé tí ó kéré tí ó sì kún fún wàhálà. Àlùfáà náà kò ṣe bí ẹni pé kò dùn ún.

Ní ọdún 1657 kan náà, a pè é padà sí Berlin láti wá ṣe díákónì ní ilé ìsìn ti Nikolai Mímọ́. Ìjọ ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fẹ́ràn ìwàásù rẹ̀ nítorí pé kì í bú ẹnikẹ́ni láti orí àga ìwàásù. Ṣùgbọ́n ikú kò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí lápapọ̀. Mẹ́rin ni wọ́n sin ní kékeré. Paul Friedrich nìkan, tí a bí ní 1662, ni ó yè.

Bí ìyẹn kò ti tíì tó, ọ̀ràn ìlú tún dé. Friedrich Wilhelm, ọmọ aládé tí ó ń ṣe àkóso Brandenburg, jẹ́ ọmọ ìjọ tí ó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Calvin, nígbà tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ ti Luther. Ìjà àwọn oníwàásù ìhà méjèèjì ti sú u. Ní 1662 àti 1664 ó gbé òfin jáde pé wọn kò gbọ́dọ̀ máa bú ara wọn mọ́, ó sì fẹ́ kí àwọn àlùfáà fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò pa á mọ́. A kò lè sọ pé èrò aláṣẹ náà burú. Àlàáfíà ni ó ń wá. Gerhardt tìkárarẹ̀ kò sí lára àwọn tí ń bú ènìyàn. Ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, bí òun bá fi ọwọ́ sí ìwé náà, bí ẹni pé òun sẹ́ apá kan nínú ìgbàgbọ́ tí òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti dì mú ni. Àwọn kan fi ọwọ́ sí i. Òun kò fi ọwọ́ sí i. Ní oṣù kejì ọdún 1666, a yọ ọ́ kúrò nípò.

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ní Kérésìmesì ọdún 1666, ẹni tí orin rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ènìyàn kò ní àga ìwàásù tí yóò dúró lé. Àwọn ará ìlú Berlin àti àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí aláṣẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 1667, aláṣẹ dá a padà láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun retí pé kí ó máa hùwà bí ẹni tí ó fi ọwọ́ sí i. Ọkàn Gerhardt kò gbà á. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé ó le jù. Ẹlòmíràn lè wí pé olóòótọ́ ni. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé kò bú aláṣẹ, kò sì rú ìlú sókè.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Crüger ti kú ní 1662, Johann Georg Ebeling sì ti gba ipò rẹ̀. Ní 1666 gan-an, ní ọdún tí a pa àlùfáà náà lẹ́nu mọ́, Ebeling bẹ̀rẹ̀ sí tẹ gbogbo orin rẹ̀ jáde ní ìwé kéékèèké mẹ́wàá, orin 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó fi di 1667, orin 120 ti jáde. A ti ilẹ̀kùn kan. Fèrèsé mẹ́wàá ṣí.

Ní oṣù kẹta ọdún 1668, Anna Maria, aya rẹ̀, kú lẹ́yìn àìsàn. Ó ku baba tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún àti ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ìtàn kan wà tí a ti tẹ̀ sínú ìwé púpọ̀, pé nígbà tí a lé Gerhardt jáde kúrò ní Berlin, òun àti aya rẹ̀ dé ilé èrò kan, aya rẹ̀ ń sunkún, ó sì jáde lọ sínú ọgbà láti kọ orin rẹ̀ tí ó lókìkí nípa fífi ọ̀nà ẹni lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. A ti tẹ orin náà jáde ní 1653, ọdún mẹ́tàlá ṣáájú ìyọnípò rẹ̀. Aya rẹ̀ sì ti kú kí ó tó fi Berlin sílẹ̀. Lójú tèmi, òótọ́ tí ó wà níbẹ̀ wúlò fún wa ju ìtàn àròsọ náà lọ. Kì í ṣe ọjọ́ tí ogun dé ni a ń rọ ọ̀kọ̀. Gerhardt ti kọ orin ìgbẹ́kẹ̀lé àti orin ibùjẹ ẹran kí ìjì tí ó le jù tó jà. Nígbà tí ìjì náà jà, orin ti wà nílé.

Lübben àti Ìkẹyìn Rẹ̀

Ní 1669, ó lọ ṣe àlùfáà ní Lübben, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Spree, tí kò sí lábẹ́ àkóso Brandenburg nígbà náà. Ọdún méje ni ó lò níbẹ̀. A kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀ fún orin tuntun púpọ̀. Iṣẹ́ àlùfáà ni ó ń ṣe, ó sì ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Ọdọọdún ni Kérésìmesì ń dé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dúró níwájú àwọn ènìyàn, kí ó sọ fún wọn pé a bí Olùgbàlà.

Nígbà tí ó mọ̀ pé ọjọ́ òun kù díẹ̀, ó kọ ìwé ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún Paul Friedrich. Nínú rẹ̀ ni ó ti gbà á níyànjú kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, kí ó di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, kí ó sá fún ojúkòkòrò, kí ó sì máa ṣe rere fún àwọn ènìyàn bí wọn kò tilẹ̀ lè san án padà fún un. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1676, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ó sin ọmọ mẹ́rin. Ẹ̀karùn-ún kù lẹ́yìn rẹ̀.

Àwòrán rẹ̀ wà nínú ilé ìsìn Lübben, tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè lónìí. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́ sí i pé onímọ̀ Ọlọ́run ni, ẹni tí a ti jọ̀ nínú ajọ̀ Sàtánì. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí Olúwa wí fún Pétérù ní òru tí a fi í hàn yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ohun tí a bá jọ̀, ìyàngbò ni ń kúrò níbẹ̀. Èyí tí ó dára a sì kù.

Bí Orin Rẹ̀ ti Rìn Jìnnà

Ní Kérésìmesì ọdún 1734, ní ìlú Leipzig, Johann Sebastian Bach gbé iṣẹ́ orin ńlá kan kalẹ̀ fún ọjọ́ ọdún, ó sì fi ẹsẹ láti inú àwọn orin Gerhardt sí i. Ti ibùjẹ ẹran wà lára wọn. Ohùn tí ó fi ṣe orin Dídé Olúwa rẹ̀ níbẹ̀ ni ohùn kan náà tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ orin Gerhardt nípa Orí mímọ́ tí a fi ẹ̀gún dé ládé, tí a ń kọ ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Bach tipa bẹ́ẹ̀ so ibùjẹ ẹran pọ̀ mọ́ àgbélébùú. Kí ó tó di ìgbà náà ni orin Gerhardt ti ń tàn kálẹ̀. Ní 1739, John Wesley tẹ ìtumọ̀ méjì nínú wọn jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Berlin kan náà, ní Kérésìmesì ọdún 1943, Dietrich Bonhoeffer, àlùfáà ìjọ Luther, wà nínú túbú ìjọba Hitler. Nínú ìwé tí ó kọ jáde láti ibẹ̀, ó sọ pé orin ibùjẹ ẹran Gerhardt, tí òun kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí tẹ́lẹ̀, ti wá yé òun nísinsin yìí tí òun dá wà. A pa á ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1945. Orin tí olùkọ́ aláìnílé kan kọ tẹ ẹlẹ́wọ̀n kan nínú lẹ́yìn nǹkan bí 290 ọdún.

Ohun tí Ìtàn Yìí Kọ́ Wa

Bí a bá ka Ìhìnrere dáradára, a ó rí i pé ẹkún kò ṣàjèjì sí Kérésìmesì. Kò sí ààyè nínú ilé èrò. Hẹ́rọ́dù pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Mátíù sì rán wa létí Rákẹ́lì tí ń sunkún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa ni a ti ya ayọ̀ ọdún náà kúrò lára ẹkún rẹ̀, tí a wá ń rò pé aṣọ tuntun àti oúnjẹ aládídùn ni ó ń gbé e ró. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò níláti rò pé òun kò yẹ ní ilé ìsìn ní ọjọ́ náà. Bóyá òun gan-an ni ó súnmọ́ ibùjẹ ẹran jùlọ.

Ẹ̀yin tí ara yín dá, ẹ má ṣe fi ipá mú ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó tì í. Bí ohùn rẹ̀ bá gé láàrin orin, ẹ bá a gbé e. Nítorí èyí ni Ọlọ́run ṣe fi wá sínú ìjọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ó sì di olùkọ́, ẹ má ṣe ka wákàtí orin sí eré. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní orin tí ó ní ìtumọ̀, kí wọ́n mọ̀ ọ́n sórí, kí wọ́n sì mọ ohun tí ó ń wí. A kò mọ ọmọ tí yóò di aláìlóbìí, a kò mọ èyí tí ilé rẹ̀ yóò jóná. Ṣùgbọ́n bí orin náà bá ti wà nínú rẹ̀, ní ọjọ́ tí ojú rẹ̀ bá kún fún omijé, yóò ṣì ríran.